Kò Sí Ẹjọ́ Darwin Ní Màpó

Kóòtù ìbílẹ̀ tó wà ní Màpó kì í sinmi. Ọkọ tó ní òun ò fẹ́ ìyàwó mọ́, ìyàwó tó ní ìyà ọ̀hún ti tó, owó oúnjẹ ọmọ, ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìpín: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gun òkè yẹn. Àwọn oníròyìn mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, torí ìròyìn ìkọ̀sílẹ̀ dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, n kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan pe olùkọ́ lẹ́jọ́ níbẹ̀ torí pé ó kọ́ ọmọ òun pé ara ẹ̀dá kan ni ẹ̀dá mìíràn ti yí padà jáde wá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ṣe é báyìí. Ní 1925, wọ́n gbé olùkọ́ kan tó ń jẹ́ John Scopes lọ sí kóòtù ní ìlú Dayton, ní Tennessee, torí pé ó kọ́ àwọn ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ yẹn, ìyẹn ẹfolúṣọ̀n ti Darwin, adájọ́ sì ní kó san 100 dọ́là. Ní 1987, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé òfin ìpínlẹ̀ Louisiana tó ní dandan ni kí olùkọ́ tó bá dárúkọ ẹfolúṣọ̀n dárúkọ ìṣẹ̀dá pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó pàdánù ẹjọ́ yẹn lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn níbi tí àwọn ti ń bọ̀ yìí; ohun tí àwọn ń sọ kò ju pé ara ohun abẹ̀mí ṣe rẹ́gí ju kó má ní ọlọ́gbọ́n kan tó ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mọ ọ́n. Aṣọ tuntun yìí náà ni wọ́n wọ̀ dé kóòtù ní 2005, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìlú Dover, ní Pennsylvania, ní kí wọ́n máa ka ìkìlọ̀ kan sétí àwọn ọmọ kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ẹfolúṣọ̀n. Àwọn òbí mọ́kànlá pẹjọ́. Adájọ́ John Jones gbọ́ tẹnu oníkálukú, ó sì dá a ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó yàwòrán yìí, sáyẹ́ǹsì kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Behe tó jẹ́rìí fún ìgbìmọ̀ náà gbà lójú gbogbo ayé pé bí a bá fi ìtumọ̀ tí òun fún sáyẹ́ǹsì wọn ìwòràwọ̀, ìwòràwọ̀ náà á wọlé. Bí ìwòràwọ̀ bá wọ kíláàsì, ta ló fẹ́ dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ìbàdàn ò pẹjọ́, àmọ́ kì í ṣe pé a gbà. Ẹfolúṣọ̀n ti wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC àti ti JAMB tipẹ́: Lamarck àti ọrùn àgùnfọn, Darwin àti ìṣàyàn àdánidá, ẹ̀rí egungun inú òkúta. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ṣe ni pé a jẹ́ kó dé etí ọmọ, a ò jẹ́ kó dé inú rẹ̀. Mo máa ń ran àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ nídìí ìwé wọn nírọ̀lẹ́, ní Bẹyẹrúnkà tí wọ́n bí mi sí. Ìgbà tí mo bi ọmọ àbúrò mi kan nípa ẹ̀kọ́ yìí, ó kà á wìtìwìtì bí ẹni tó ń ka oríkì, kò fi ìlà kan pe méjì. Mo ní, “Ṣé ó yé ọ?” Ó ní, “Bùọ̀dá, Àǹtí wa ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún WAEC, ṣùgbọ́n ká má gbà á gbọ́ o. Wọ́n ní irọ́ ni.” Àǹtí yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yege. Ó sì ṣe é ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí: èèyàn rere ló ń kọ́ ọmọ rere pé ohun tí òun ń kọ sí pátákó kò ṣeé gbà gbọ́, ọmọ náà sì kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀ tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì, pé ìwé wà fún ìdánwò, òtítọ́ wà níbòmíràn.

Kí ló dé tí kò fi bá wa lára mu? Ẹni tó bá mọ agbo ilé Ìbàdàn á mọ ìdí kan. Nínú agbo ilé tiwa, ìyá bàbá mi ń kírun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ díákónì, ẹkù eégún sì wà nínú yàrá kan tí wọn ò jẹ́ kí àwa ọmọdé yọjú sí. Ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ní Mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, eégún nígbà ọdún rẹ̀; wọn kì í sì í bára wọn jà, torí inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Nípa bí èèyàn ṣe dé ayé pàápàá, wọn ò ní ìjà kankan. Erùpẹ̀ ilẹ̀ ni ti Bíbélì. Amọ̀ ni ti Kùránì. Amọ̀ ni Ọbàtálá náà fi mọ ènìyàn kí Olódùmarè tó mí èémí sí i. Ẹ̀sìn mẹ́ta, amọ̀ kan. Darwin nìkan ló wọ ìlú tí kò gbé amọ̀ lọ́wọ́, abájọ tí gbogbo ilé fi wò ó bí àlejò tí kò kí ẹnikẹ́ni.

Ìdí kejì wà ní Kúdẹtì. Ní 1853 ni míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, wọ́n kọ́ ilé àti ilé-ìwé sí Kúdẹtì, wọ́n sì ń kó ọmọ jọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1859, Darwin tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹfolúṣọ̀n jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni ní Kúdẹtì bìkítà, torí ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà dí, ebi sì pa àwọn òyìnbó náà débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn láti rí oúnjẹ jẹ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ogun tó dé: ọwọ́ tó kọ́ àwọn baba ńlá wa ní A, B, D náà ló fi Jẹ́nẹ́sísì lé wọn lọ́wọ́. Ní ilé kéwú, tó ti wà nílùú ṣáájú Kúdẹtì, ọwọ́ tó kọ́ wọn ní álífù náà ló kọ́ wọn ní ìtàn Ánábì Ádámù. Mímọ̀ọ́kà àti ìtàn ìṣẹ̀dá wọlé pọ̀ ni. Fún ẹni tó dàgbà síbẹ̀, kí wọ́n tún wá fi ìwé bá Jẹ́nẹ́sísì jiyàn jọ ọ̀dàlẹ̀. Mo lóye wọn. N kò gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo lóye wọn.

Ìdí kẹta ló le jù, ọ̀bọ ni. Ẹ lọ sí Bẹẹrẹ lónìí, kí ẹ pe awakọ̀ máíkírà kan ní ọmọ ọ̀bọ, kí ẹ wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èébú ni láàárín ara wa. Lẹ́nu òyìnbó, ó ju èébú lọ. Ní 1906, wọ́n mú ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Kóńgò, Ota Benga, wọ́n gbé e sínú ilé ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, pẹ̀lú ìnàkí, kí àwọn èrò máa wá wò ó. Àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ìlú náà, tí James Gordon ṣáájú wọn, lọ fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ìran àwọn ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Wọ́n sì ní Darwin tó lòdì sí ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n ń fi àgò náà polówó. Wọ́n tú Ota Benga sílẹ̀, àmọ́ kò rí ilé lọ. Ní 1916 ó pa ara rẹ̀. Nígbà tí Lee Berger àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde egungun Homo naledi, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan, ní South Africa ní 2015, Zwelinzima Vavi, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà fún àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ COSATU, fi ìbínú kọ̀ ọ́, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àwọn ní ọ̀bọ. Ẹ̀gàn ọgọ́rùn-ún ọdún ló ń dá lóhùn, kì í ṣe egungun. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ adúláwọ̀ ní ẹfolúṣọ̀n tí kò kọ́kọ́ sọ ìtàn Ota Benga fún un, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe.

Ìdajì kejì ni kó sọ fún un pé Darwin kò sọ pé ọ̀bọ ló bí wa. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà sọ ni pé àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan láyé àtijọ́. Ìbàdàn ló yẹ kí èyí tètè yé, àwa tí a máa ń ka ìran. Ẹbí wa kan wà ní Ọ̀jẹ́. Wọn ò bí mi, èmi náà ò bí wọn, ilé wọn kì í sì í ṣe ilé wa mọ́; ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá ka orúkọ dé ẹ̀yìn, wọ́n á kan ọkùnrin kan tó jẹ́ baba fún ìhà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìyẹn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìran tí Darwin ń kà jìn ju èyí tí ẹnu àgbà lè kà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi egungun tiwa tì í lẹ́yìn. Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìwalẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, walẹ̀ nínú ihò àpáta kan lẹ́bàá Ìsàrun, ní apá Àkúrẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ihò náà ní Ihò Eléérú. Ó bá òkú ènìyàn kan níbẹ̀, agbárí rẹ̀ ò sì tíì bàjẹ́ tán. Ìṣirò ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún agbárí yìí wọ̀n, wọ́n rí i pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀ lórí. Ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn ènìyàn tó gbé ayé ní ohun tó ju 100,000 ọdún sẹ́yìn ju bó ṣe sún mọ́ tiwa lọ. Ìyẹn ni pé nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, nígbà tí yìnyín àtijọ́ ń yọ́ tán ní ìhà àríwá ayé, àwọn ènìyàn kan ṣì wà tí orí wọn gbé ìrísí ìgbà láéláé. Àwọn onímọ̀ kárí ayé ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Yunifásítì tí wọ́n ti wá walẹ̀ rẹ̀ kò ju ìrìn ọkọ̀ kan sí Ọjà'ba lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti dárúkọ Ihò Eléérú fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ jókòó WAEC, kò sí èyí tó gbọ́ ọ rí. Àgùnfọn Lamarck ni wọ́n mọ̀, ẹranko tí kò sí nínú igbó wa.

Àwọn ará Kẹ́ńyà tilẹ̀ jà lórí egungun tiwọn. Ní 2006, Bíṣọ́ọ̀bù Boniface Adoyo ní Nairobi ní kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè wọn má ṣe gbé egungun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Turkana, tí Kamoya Kimeu rí ní 1984, síbi tó hàn gbangba. Richard Leakey, onímọ̀ nípa egungun àtijọ́, dá a lóhùn láìwojú. Egungun náà wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ń wò ó. Ó sàn kí bíṣọ́ọ̀bù bá egungun jà ju kó máà mọ̀ pé ó wà lọ.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ olùkọ́ bàólọ́jì, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun. Ẹ̀jẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílùú yìí ni kì í so tọkọtaya pọ̀ bí wọn ò bá mú èsì jẹ́nótáìpù wá, àwọn mọ́ṣáláṣí mìíràn náà sì ti ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. AS àti AS, pásítọ̀ á ní kí wọ́n lọ tún un rò, torí wọ́n lè bí ọmọ SS tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ á máa dà láàmú. Mo gba pásítọ̀ náà lọ́gá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí AS fi pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS, nígbà tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará ìlú òtútù? Ní 1954, Anthony Allison tó ṣèwádìí ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé ibà kì í rọ́wọ́ mú ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń mú AA. Ní 1970, Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń tètè tẹ̀ kọdọrọ ju àwọn yòókù lọ, ara á sì lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ìbàdàn níbí o. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ọmọ AA púpọ̀ ń kú nínú ibà kó tó dàgbà, ọmọ SS ń kú nínú àìsàn tirẹ̀, ọmọ AS ló ń kù tó ń bímọ. Ìran dé ìran, AS ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ẹ̀fọn àti ikú ló ń ṣa èèyàn. Ìyẹn ni ìṣàyàn àdánidá tí Àǹtí ní kí wọ́n kọ fún WAEC kí wọ́n má gbà gbọ́, ó sì wà nínú ìwé èsì tí wọ́n ká sínú àpò ìyàwó ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn ìyá wa ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń kọ lára kí wọ́n má baà padà lọ, SS ni wọ́n.

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni ìṣàyàn yìí kàn. Àwọn àgbà tó ti lo oògùn ibà kúlórókúìn á rántí bó ṣe máa ń yún wọn lára bí wọ́n bá lò ó tán, tí èèyàn á máa fi ara ha ògiri. A fara dà á torí ó ń pa ibà. Nígbà tó yá, ó ń yún wa, ibà ò lọ mọ́. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà pa á tì, wọ́n gba oògùn alápapọ̀ tó ní èròjà tó wá láti ara ewé artemisia nínú dípò rẹ̀. Kòkòrò ibà ni ó yí padà: àwọn tí oògùn lè pa ti kú, àwọn díẹ̀ tí kò lè pa ló bímọ. Gbogbo èyí ṣojú àwa tí a wà láyé. Èèyàn tó jẹ́rìí sí èyí, tó tún ní ẹ̀dá kì í yí padà, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Nípa ti ọlọ́gbọ́n tó yàwòrán, àwọn baba wa ti gbé e yẹ̀ wò kí ẹjọ́ Dover tó wáyé. Ìtàn Ọbàtálá kò dúró síbi pé ó mọ ènìyàn. Ó ní Ọbàtálá mu ẹmu lọ́jọ́ kan, ó yó, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró ṣánṣán mọ́, ibẹ̀ ni abuké, arọ àti àfín ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ fáwọn olórìṣà rẹ̀, tí wọ́n sì ń pe àwọn tó mọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò sọ pé sáyẹ́ǹsì ni. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn àgbà rí i pé kì í ṣe gbogbo ara ló ṣe rẹ́gí, wọn kò sì fi bò. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Dover ò rí ju ibi tó rẹ́gí lọ. Kí ẹnì kan lọ dúró ní ilé ìwòsàn UCH, kó sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ SS ń ké nítorí egungun pé ọlọ́gbọ́n kan ló fara balẹ̀ ya ẹ̀jẹ̀ yẹn. Èmi ò ní lè bá a lọ.

Bí a bá sì ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì bàólọ́jì fún ọlọ́gbọ́n náà, ọlọ́gbọ́n ti ta? Nílùú yìí, mẹ́ta ló máa dé lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Àlàáfíà tó wà nínú agbo ilé wa, ohun tó pa á mọ́ ni pé oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ níbi tó yẹ kó ti ṣe é. Pápá Róòmù pàápàá, John Paul Kejì, sọ ní 1996 pé ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní ìdàkejì, Mohammed Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀ sọ fún BBC ní 2009 pé òun kọ Darwin, òun sì kọ̀ ọ́ pé ayé rí róbótó àti pé oòrùn ló ń fa omi tó ń di òjò. N kò fi ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn wé e. Mo kàn fẹ́ kí a rí i pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun tí kò bá a lára mu kúrò nínú sáyẹ́ǹsì kò ní mọ ibi tó máa dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ bàólọ́jì wa, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má fi àgùnfọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ jẹ́nótáìpù wọn, kí ẹ sì ti ibẹ̀ máa lọ. Ẹ mẹ́nu ba Ihò Eléérú. Ẹ sọ ìtàn Ota Benga kí ẹ tó dárúkọ ìnàkí. Bí ọmọ kan bá nawọ́ tó béèrè pé Ọlọ́run ńkọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì sọ fún un pé irọ́ ni ẹ ń kọ́ ọ. Ẹ ní kó lọ bi pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.